Ogun Nítorí Ọ̀nà: Ibi Tí Ìṣirò Ìbàdàn Ti Yẹ̀ ní 1877

Bí a bá ń jiyàn lórí ogun, yálà èyí tó ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ òkèèrè tàbí èyí tí àwọn baba ńlá wa jà, ìbéèrè méjì la sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀kíní ni pé: ǹjẹ́ àwọn tí a fẹ́ bá jà ṣẹ̀ wá lóòótọ́? Èkejì ni pé: ǹjẹ́ ogun lè gba ohun tí à ń fẹ́ fún wa, kí ni yóò sì gbà lọ́wọ́ wa? Ẹni tí inú ń bí máa ń rò pé bí òun bá ti jàre lórí ẹ̀kíní, èkejì ti yanjú nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Ogun Kírìjì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1877 ní ẹ̀sùn gidi lọ́wọ́. Kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà tó lè dá dojú kọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìjà ńlá tó kọ́kọ́ wáyé nínú ogun náà, òun ló borí. Síbẹ̀ ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wà lẹ́nu ogun, ohun tó torí rẹ̀ jáde kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe fẹ́. Báwo ni irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí alágbára?

Kí ni ẹ̀sùn náà?

Ìbàdàn kò sí létí òkun. Ìbọn, ẹ̀tù, iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó, Èkó àti Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo ni wọ́n ti ń wá. Epo àti ekuro ló sì ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn oníṣòwò etí òkun. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló wà láàárín. Àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí oníṣòwò Ìbàdàn kọjá lọ sí Èkó tààrà. Ọjà ẹnubodè ni wọ́n ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ará Ìbàdàn ti ń ta ọjà rẹ̀ fún wọn, ibẹ̀ náà ló ti ń ra iyọ̀ àti ẹ̀tù ní iye tí wọ́n bá dá lé e. Èrè àárín yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Bí ìjà bá sì dé, wọn a ti ọ̀nà pa.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe èrè nìkan ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Ìjàyè ti fọ́ ní 1862, kò sí ẹni tó ń dá Ìbàdàn lẹ́kun mọ́. Ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ wà káàkiri Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń jẹ gàba. Ẹ̀gbá tó bá jẹ́ kí ẹ̀tù kọjá lọ sí Ìbàdàn lónìí kò mọ̀ bóyá ẹ̀tù yẹn náà ni wọn yóò fi yìnbọn lu òun lọ́la. Ohun tí Ìbàdàn ń pè ní ìyà jíjẹ, ààbò ara ẹni ni lójú Ẹ̀gbá, kò sì sí èyí tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ní 1877, Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣe olórí Ìbàdàn, rán àwọn èèyàn gba apá ìwọ̀ oòrùn lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbá fẹ́ dí wọn lọ́nà. Látòósà kó ọmọ ogun jáde, wọ́n sì ya wọ oko àwọn Ẹ̀gbá. Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ohun tó torí rẹ̀ jáde sọ́kàn: ó fẹ́ kí ọ̀nà òkun ṣí sílẹ̀. Òun ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn gbogbo ohun tó tẹ̀lé e.

Ìmọ̀ràn tí kò wọ etí

Ìbàdàn kò ní ọba aládé nígbà náà. Ìgbìmọ̀ àwọn olóyè ogun ló ń ṣàkóso. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ ogun Ẹ̀gbá, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn Ẹ̀gbá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ẹ̀tù ni Ìbàdàn kò ní tó. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń jagun. Ilẹ̀ àwọn tí wọ́n sì fẹ́ gbógun tì gan-an ni ẹ̀tù ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí ìbọn àkọ́kọ́ bá ti dún, ọjọ́ náà ni ẹ̀tù tuntun yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá mọ ogun á kọ́kọ́ béèrè pé: oṣù mélòó ni èyí tó wà nílé lè gbé wa?

Samuel Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní Ìbàdàn lákòókò náà, ròyìn ohun tí Ààrẹ fi dá àwọn alátakò lóhùn. Ó ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún òun ṣe ni, pé bí òun bá ti parí rẹ̀, ogun kò ní sí mọ́ láéláé nílẹ̀ Yorùbá.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn létí. Lójú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ tó tún léwu tó o lẹ́nu olórí tó fẹ́ kó ogun jáde. “Kí ọ̀nà ṣí” ṣeé wọ̀n: ọjọ́ tó bá ṣí, gbogbo wa la ó mọ̀, a ó sì kó ẹrù wa padà sílé. “Kí ogun tán nílẹ̀” kò ṣeé wọ̀n. Jagunjagun kò lè rí ọjọ́ tí yóò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, nítorí ọ̀tá mìíràn kò ní ṣàì yọjú níwájú. Ìgbà tí ohun tí à ń jà fún bá ti fò láti orí ọ̀nà ọjà dé orí àlàáfíà ayérayé, kò sí iye tí ẹnikẹ́ni lè pè mọ́ tí wọn yóò sọ pé ó pọ̀ jù.

Àwọn tó ń ka iye náà sókè kò pẹ́ nílẹ̀. Ìyàpọ̀ tó jẹ́ Sẹ́ríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, wà lára àwọn tí Ààrẹ kà sí alátakò. Wọ́n há a mọ́ títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò dìde nínú ìgbìmọ̀ láti sọ pé ẹ̀tù kò tó?

Kì í sì í ṣe pé Ìbàdàn kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò nígbà náà, kọ̀ láti júbà Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà tí wọ́n fi jọba, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Bó bá ṣe ti àṣà ni, Kúrunmí jàre. Owó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bó ṣe máa ń wà: ìjà lórí ogún obìnrin olówó kan tí kò fi ọmọ sáyé dá kún un. Ní Ìbàdàn, Balógun Ìbíkúnlé fúnra rẹ̀ kò kánjú sí ogun Ìjàyè. Ògúnmọ́lá ló ń tì í síwájú. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè, ìyàn mú, àwọn òbí sì ń fi ọmọ wọn sọfà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá nítorí oúnjẹ. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, àwọn tó ṣẹ́ kù sá lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ kú kò padà bọ̀ sípò. Ọkùnrin yìí jàre ìbéèrè àkọ́kọ́ pátápátá. Èkejì ló gbé e lọ.

Ta ló ń san owó rẹ̀?

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú nípa Ìbàdàn ayé ọjọ́un: bí ogun bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn olóyè fi ń lọ lọ́dọọdún? Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe ń náwó sí i.

Kò sí àpò ìjọba tí wọ́n ti ń bu owó ogun. Olóyè kọ̀ọ̀kan ló ń kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ, tó ń bọ́ wọn, tó sì ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn. Àwìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ńlá. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń pèsè bẹ́ẹ̀, tó ní oko ńláńlá àti ẹrú rẹpẹtẹ. Ní 1874 ni Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, tí wọ́n sì pa á. Ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà tí Ààrẹ wà lójú ogun. Èyí jẹ́ ọdún mẹ́ta kí ogun Ẹ̀gbá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àpò Ìbàdàn ṣe rí nígbà náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Báwo ni olóyè ṣe ń san gbèsè rẹ̀? Ìkógun ni. Ẹrú tó bá kó, ó lè tà á, ó lè fi sí oko, ó sì lè sọ ọ́ di ọmọ ogun. Nítorí náà, olóyè tó jẹ gbèsè ẹ̀tù kò lè jókòó sílé. Bí àlàáfíà bá pẹ́, onígbèsè ni yóò máa jẹ́ lọ. Ogun ni ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí wọ́n sun abà rẹ̀, obìnrin tó ń ru oúnjẹ láti ilé lọ sí bùdó, ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Èkìtì, ìnáwó tiwọn kò sí nínú ìwé olóyè kankan. Bí àwọn tó ń pinnu ogun bá yàtọ̀ sí àwọn tó ń san án, ogun á máa dà bí ohun tó pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di àtijọ́. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní 26 oṣù keje 2023, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí Ààrẹ Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dá ìjọba padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè lo agbára. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tí aráàlú dìbò yàn ni wọ́n lé kúrò. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ méje ní Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, ààlà náà sì ju 1,500 kìlómítà lọ. Àwọn aṣòfin láti àríwá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ figbe ta, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣòro láti lóye: ẹ̀yìnkùlé wọn ni ìbọn yóò ti dún, ìbátan wọn ló wà ní òdìkejì. Ilé Aṣòfin Àgbà ní kí wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú rẹ̀. Ogun náà kò wáyé. A lè jiyàn títí bóyá wọ́n ṣe é dáadáa; ohun tí mo ń sọ ni pé, lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí yóò san owó náà rí ẹnu sọ̀rọ̀ kí ó tó di pé wọ́n yìnbọn.

Ọ̀tá tí a kò kà mọ́ ọn

Látòósà ka Ẹ̀gbá. Bóyá ó ka Ìjẹ̀bú pẹ̀lú. Kò ka Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Èyí ni àṣìṣe tó tóbi jù, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ìlú tó bá ń jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú ń fi ìbẹ̀rù dì wọ́n mú. Bó bá ti kó ọmọ ogun lọ síbòmíràn, tí wọ́n sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dí, ìbẹ̀rù náà á yọ́. Ní 1878, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ìlú tí a mọ̀ sí Òkèmẹ̀sí lónìí. Ìwà tí ajẹ́lẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń hù sí àwọn onílé ti sú wọn. Bí iná ọ̀rọ̀ náà ṣe ràn dé àwọn ìlú yòókù nìyẹn. Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì dojú kọ Ìkìrun.

Ìbàdàn rán Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n lọ. Ní 1 oṣù kọkànlá 1878, ó fọ́ wọn yángá. Ọ̀pọ̀ wọn sá bọ́ sínú odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn lọ; Ogun Jálumi ni ìtàn ń pè é. Kò sí ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ náà tí yóò sọ pé Ìbàdàn ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun yìí gan-an ló tan wọ́n jẹ. Wọ́n rò pé ọ̀tẹ̀ ti kú. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alábàáṣepọ̀ wọn ní tiwọn rí i pé ẹni kọ̀ọ̀kan kò lè dá a ṣe, wọ́n sì so pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Ilẹ́ṣà wá di olórí ogun wọn, ọkùnrin tó ti wà lọ́dọ̀ àwọn jagunjagun Ìbàdàn rí, tó kọ́ iṣẹ́ náà lójú wọn.

Láti ibẹ̀, ogun náà jókòó sáàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, pàápàá àwọn tó ti Sàró àti Bràsílì padà dé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé. Ìbàdàn ń yin ṣakabùlà. Ìró àwọn ohun ìjà ńlá tí Èkìtì Parapọ̀ gbé dé ló fún ogun náà lórúkọ, Kírìjì. Ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover ní Èkó ti ṣètò kí ó ṣí ní nǹkan bí 1872 kí ọjà òkè má bàa wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú nìkan, ni ohun ìjà yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá Ìbàdàn jà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, ojú márùn-ún ni ogun ti ń bá Ìbàdàn: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tó dó sí Orù, Èkìtì Parapọ̀, Ìlọrin tó ń gbógun ti Ọ̀fà, àti Ifẹ̀ tó ń bá Modákẹ́kẹ́ jà. Ẹ gbé òṣùwọ̀n wa jáde. Ní 1877, ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ń ṣe ségesège. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó wà lómìnira mọ́.

Kí ló dé tí wọn kò padà sílé?

Ó rọrùn fún wa láti béèrè. Nígbà tó fi máa di 1881, ogun ti sú tọ̀tún tòsì. Aláàfin Adéyẹmí ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn dá sí i. Ohun tó ń dá wọn dúró kò ju méjì lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú bùdó rẹ̀ ká, wọn yóò lé e láti ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó gba ẹlòmíràn gbọ́. Èkejì ni ti òkú. Olórí tó bá sọ pé ká máa lọ sílé yóò ṣàlàyé fún àwọn ìyá pé kí ni ọmọ wọn kú lé lórí, bẹ́ẹ̀ ìjà lọ́dún sí i kò dá òkú kankan padà rí. Látòósà kú sí bùdó ní 1885. Ọdún tó tẹ̀lé e ni àdéhùn tó ṣeé ṣe.

Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń ṣe alárinà fún Gómìnà Moloney. Wọ́n kéde àdéhùn náà lójú ogun ní 23 oṣù kẹsàn-án 1886. Àwọn ìlú Èkìtì Parapọ̀ di òmìnira. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn. Wọ́n sì ní kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tó wà. Modákẹ́kẹ́ kò kó. Ìlọrin kò fi Ọ̀fà sílẹ̀, nítorí náà Ìbàdàn dó sí Ìkìrun títí di 1893.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ tó dọ́gba. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà náà sanwó ńlá, ọ̀pọ̀ ọdún ni oko wọn fi di igbó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: kí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn má padà wá mọ́. Ó ṣeé wọ̀n, wọ́n sì rí i gbà lórí ìwé ní 1886. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló ní ìdí tó tó ogun nínú àwọn méjèèjì, Èkìtì Parapọ̀ ni mo máa dá láre, kì í ṣe nítorí pé wọ́n jẹ́ aláìlera, bí kò ṣe pé wọ́n mọ ibi tí ogun tiwọn yẹ kó parí sí.

Iye tó kù, ẹni tí kò sí nínú ìjà náà ló gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún 1892. Gómìnà Carter rìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká ní 1893, ó tú àwọn bùdó tó kù ká, ó sì bá Abẹ́òkúta àti Ọ̀yọ́ tọwọ́ bọ̀wé; Ìbàdàn náà bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún yẹn. Ọ̀gágun Bower dé, ó jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà òkun ṣí nígbà náà lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin Èkó sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n àṣẹ orí rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Ìbàdàn, kò sì sí lọ́wọ́ Ẹ̀gbá mọ́.

Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí Látòósà ìbá ṣe ní 1877? Mo rò pé ó wà, inú ogun náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí sì ti jáde. Ọjà tí kò lọ sókè mọ́ ń pa àwọn Ìjẹ̀bú lára bó ṣe ń pa Ìbàdàn lára. Ní 1883, àwọn èèyàn Awùjalẹ̀ Fidipọ̀tẹ̀ dìde sí i, ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìjà Orù rọlẹ̀, tí àwọn olóyè Ìjẹ̀bú kan tó fẹ́ràn òwò bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìbàdàn ṣe, tí ọjà sì tún ń rí ibi gbà kọjá. Ìbọn Ìbàdàn kọ́ ló ṣí ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń jèrè lórí rẹ̀ ló ṣí i, nígbà tí wọ́n rí i pé èrè kò wọlé mọ́.